Smoothie ọmọ: kí ló dé tí tèmi ń korò tílẹ̀ bá mọ́?

ÌyáÀkọ́bí (Ọjọ́ Ajé, 9:12 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 4, kò sì ka èso kún oúnjẹ rárá. Bí mo bá gé ìbẹ́pẹ síwájú rẹ̀, á máa wò ó bí ìgbà tí mo gbé oògùn ibà kalẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ nìkan ló ń jẹ, ìyẹn náà, ìlàjì ni. Ìlàjì tó kù, abẹ́ àga ni mo ti máa ń rí i.

Lóṣù tó kọjá mo ra bílẹ́ńdà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe smoothie fún un. Ẹnu yà mí. Ó mu ún, ó tún ní kí n bu sí i. Àmọ́ ìṣòro méjì ti yọjú báyìí.

Àkọ́kọ́, alẹ́ ni mo máa ń lọ̀ ọ́ kí àárọ̀ lè rọ̀ mí lọ́rùn. Ìbẹ́pẹ, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ọ̀gẹ̀dẹ̀, mílíìkì àti oyin ṣíbí 2. Bó ṣe ń jáde nínú bílẹ́ńdà, ó dùn mọ̀ràn-ìn mọran-in. Ilẹ̀ á mọ́, á ti korò, omi á ti wà nísàlẹ̀, ìhó á wà lókè, àwọ̀ rẹ̀ á sì ti ṣú. Mo rò pé mílíìkì ló ń bàjẹ́. Mo pààrọ̀ mílíìkì lẹ́ẹ̀mejì, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ fi lélẹ̀.

Ìkejì, kò fi bẹ́ẹ̀ jẹun ọ̀sán mọ́. Ife tí bàbá rẹ̀ fi ń mu omi lòun náà fi ń mu smoothie. Ìyá ọkọ mi ní kí n fọkàn balẹ̀, pé èso kì í pọ̀ jù lára ọmọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

BàbáÌbejì (Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́)

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ tú mílíìkì sílẹ̀, kò jẹ̀bi. Ìbẹ́pẹ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni kí ẹ mú.

Ẹ́ńsáìmù kan, ìyẹn èròjà tó máa ń yí nǹkan míì padà kíákíá, wà nínú ìbẹ́pẹ tó ń jẹ́ papain. Èyí tó wà nínú ọ̀pẹ̀ òyìnbó ń jẹ́ bromelain. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì mọ̀ ọ́n ṣe: kí wọ́n máa gé purotéènì sí wẹ́wẹ́. Òun ló fà á tí àwọn alásè fi máa ń fi ìbẹ́pẹ dúdú pa ẹran líle lára kó lè rọ̀. Ẹ sì mọ̀ pé purotéènì wà nínú mílíìkì. Tí ẹ bá da gbogbo wọn pọ̀ tí ẹ gbé e pamọ́, ẹ sùn, wọn ò sùn. Wọ́n á máa gé purotéènì mílíìkì náà mọ́jú, àwọn èérún tó ń já bọ́ níbẹ̀ ló ń korò lẹ́nu. Kíwì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Fíríìjì kò dá wọn dúró, ó kàn ń fà wọ́n lọ́wọ́ sẹ́yìn ni.

Nítorí náà, bí ẹ bá máa fi èso wọ̀nyí pẹ̀lú mílíìkì, ẹ lọ̀ ọ́ kí ọmọ sì mu ún lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá di dandan kó sùn mọ́jú, ẹ yọ mílíìkì kúrò, ẹ fi omi ọsàn lọ̀ ọ́. Ọ̀nà mìíràn ni kí ẹ bọ ọ̀pẹ̀ òyìnbó náà díẹ̀ lórí iná, torí ooru ń pa ẹ́ńsáìmù yẹn. Ẹ ó rí i pé ọ̀pẹ̀ òyìnbó inú agolo kì í ba mílíìkì jà. Wọ́n ti fi iná kàn án kí wọ́n tó dé e. Máńgòrò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ní wàhálà yẹn.

Odidi jọ́ọ̀gì kan ni mo dà nù kí n tó mọ̀.

Alárìnká (Ọjọ́ Ajé, 9:52 alẹ́)

Háà! Ọdún 3 rèé tí mo ti ń bá ẹni tó ń ta mílíìkì fún mi jà. Mo máa lọ bẹ̀ ẹ́ lọ́la.

Nọ́ọ̀sìÈwe (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:48 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o. Mo fẹ́ bá oyin yẹn wí ná kí n tó dé orí ife. Ìyá Àkọ́bí, orúkọ tí ẹ ń jẹ́ níbí jẹ́ kí n fura pé àbúrò lè wà nílé. Bó bá wà, tí kò tíì pé oṣù 12, oyin kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu rẹ̀, ì báà jẹ́ ṣóńṣó orí ṣíbí. Hóró kòkòrò àìfojúrí kan tó ń jẹ́ Clostridium botulinum lè wà nínú oyin. Ìfun àgbàlagbà lágbára tó láti borí rẹ̀. Nínú ìfun ọmọ ọwọ́, ó lè hù, kó máa tú májèlé jáde tó ń sọ iṣan di aláìlágbára, títí kan èyí tí ọmọ fi ń mí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé oyin ògidì ni tàbí àdàlù o. Bẹ́ẹ̀ ni gbígbé e kaná kò pa hóró náà.

Ọmọ ọdún 4 yín ti kọjá ewu yẹn. Síbẹ̀ kí ni oyin ń ṣe nínú ife tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n ti wà? Ṣúgà ni. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2015, wọ́n ka oyin àti omi èso mọ́ ṣúgà tó yẹ ká dín kù, kó má kọjá ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí à ń rí nínú oúnjẹ òòjọ́, wọ́n sì ní bó bá lè wálẹ̀ sí ìdá 5, ó tún dára jù.

Ó ku ti ife. Ìtọ́sọ́nà ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba Bìrìtìkó ni pé kí omi èso àti smoothie, àpapọ̀ àwọn méjèèjì, má ju 150 ml lọ lóòjọ́. Kódà bí ẹ bá kó oríṣi èso 6 sínú rẹ̀, ìwọ̀n èso kan ṣoṣo ni wọ́n máa kà á sí nínú 5 tí wọ́n ń fẹ́ kéèyàn jẹ lójúmọ́. Ìdí ni pé abẹ bílẹ́ńdà máa ń fọ́ àpò tí ṣúgà inú èso fara pamọ́ sí, ṣúgà náà á sì tú síta. Bákan náà, ọmọ tí kò lè jẹ ọsàn 2 tán lójókòó á gbé ti 4 mì kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ikùn kì í tètè mọ̀ pé òun ti yó bí ó bá jẹ́ pé mímu ni a mu ún. Àmọ́ tó bá yá, ó máa mọ̀, ìgbà yẹn gan-an ni oúnjẹ ọ̀sán sì ń dé.

Ẹ má fi asẹ́ sẹ́ ẹ o. Gbogbo háháhá inú èso tí ẹ bá sẹ́ kúrò ni fáíbà tí ó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ ọmọ rọ̀. Ibẹ̀ ni smoothie fi sàn ju omi èso lọ.

ÌyáÀkọ́bí (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:20 àárọ̀)

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọn ife bàbá rẹ̀ tán. 450 ml. Yéè!

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Àbúrò wà nílé lóòótọ́, oṣù 8. Kò tíì tọ́ oyin wò, ọpẹ́ ni, àmọ́ mo ti ń gbèrò àtifi ṣíbí fún un nínú ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Nọ́ọ̀sìÈwe (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:33 àárọ̀)

Fún oṣù 8, ẹ fi fọ́ọ̀kì tẹ èso náà mọ́lẹ̀, kó jẹ ẹ́ pẹ̀lú ṣíbí, kó fọwọ́ mú u, kó fi para. Kò nílò ohun mímu aládùn kankan. Mílíìkì màlúù lè wọnú oúnjẹ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ rọ́pò ọmú tàbí mílíìkì ìkókó kó tó pé ọdún kan.

ẸniÀtijọ́ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:15 ọ̀sán)

Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ẹ ti sọ èso náà di ohun tí à ń fi ìwọ̀n wọ̀n. Nígbà tiwa, a máa ń jẹ máńgòrò títí omi rẹ̀ á fi máa ṣàn dé ìgúnpá, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ 150 ml fún wa. Èwo lẹ rí nínú wa tó kú?

Nọ́ọ̀sìÈwe (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:02 ọ̀sán)

Bàbá, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ yín gan-an ni mò ń sọ. Ẹ *jẹ* ẹ́ ni, ẹ ò mu ún. Ẹ fi eyín ya á, ẹ jẹ háháhá rẹ̀, ó rẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín, ẹ dìde. Kò sẹ́ni tó ń fi ìwọ̀n wọn máńgòrò tí ọmọ ń fi eyín jẹ. Èyí tí a ti lọ̀ sínú ife ni mo ní ká wọ̀n.

ẸniÀtijọ́ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:10 ọ̀sán)

Ó dáa. Mo gbà.

EyínMímọ́ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:47 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti eyín, torí ẹ̀ka yẹn ni mo wà. Bí ọmọ bá gbé smoothie lọ́wọ́ láti àárọ̀ di ọ̀sán, tó ń tọ́ ọ wò díẹ̀díẹ̀, ó burú fún eyín ju kó mu ún tán lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo ìgbà tó bá gbé e sẹ́nu ni ṣúgà àti omi kíkan inú rẹ̀ ń bá eyín fà á. Torí náà, ìgbà oúnjẹ ni kó mu ún, kí ó sì tán síbẹ̀. Ẹ má rọ ọ́ sínú ìgò ìfọ́mọlóúnjẹ láé. Kó fi omi lásán ṣan ẹnu lẹ́yìn náà. Ẹ má sì sáré fọ eyín rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Omi kíkan ti mú kí ara eyín rọ̀ díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì á wá máa họ ọ́. Ẹ fún un ní nǹkan bíi wákàtí kan.

Ọwọ́Àṣè (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:30 alẹ́)

Mo rí i pé ẹ ti dẹ́rù ba ìyá yìí tó, kò sì sẹ́ni tó sọ bí yóò ṣe ṣe é. Ọmọ 3 ni mo fi smoothie tọ́, ẹ gbọ́ tèmi.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti ní àmì dúdú lára ni mò ń lò, èyí tí àwọn ọmọ kì í fẹ́ rí sójú mọ́. Mo máa ń bó o, mo máa ń gé e, mo máa ń tò ó sórí àwo kí wọ́n má lẹ̀ mọ́ra, ó di inú fíríísà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dídì yìí ló ń ṣe iṣẹ́ yìnyín, ṣúgà àti ìpara mílíìkì pa pọ̀. Yìnyín gidi kàn ń sọ smoothie di omi ni.

Fún ọmọ 2: ọ̀gẹ̀dẹ̀ kékeré 1, máńgòrò ẹ̀kúnwọ́ ọmọ kan, yógọ́ọ̀tì funfun tí kò ní ṣúgà ṣíbí ńlá 3, mílíìkì 100 ml, óòtì ṣíbí ńlá 1. Èyí á kún ife kékeré 2 bí irú èyí tí Nọ́ọ̀sì ń sọ. Bí óòtì bá ń le lẹ́nu wọn, ẹ rẹ ẹ́ sínú mílíìkì náà fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Yógọ́ọ̀tì yẹn ṣe pàtàkì. Smoothie tó jẹ́ èso àti omi nìkan kì í dúró nínú ọmọ, wákàtí kan ló ń lò. Purotéènì àti ọ̀rá díẹ̀ ló ń mú un dúró. Píà ń ṣe é, ẹ̀pà tí a lọ̀ kúnná náà ń ṣe é, ṣíbí kékeré kan. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ẹ̀pà kì í bá ọmọ náà jà. Odidi ẹ̀pà kò yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, ó lè há a lọ́fun.

Ìgbà míì tí wọ́n bá ní kò dùn tó, dàbínù 1 ni mo máa ń rẹ sómi gbígbóná, mo máa ń yọ kóró rẹ̀, mo máa ń fi sí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ṣúgà lòun náà. Ọmọ mi kejì kò béèrè rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, torí ahọ́n ń kọ́ nǹkan.

Omi tàbí mílíìkì ni kó kọ́kọ́ wọlé, kí èyí tó rọ̀ tẹ̀ lé e, kí èyí tó dì tàbí tó le wà lókè. Bí ẹ bá fi èyí tó dì sísàlẹ̀, abẹ náà á kàn máa yí nínú afẹ́fẹ́, bílẹ́ńdà á máa sunkún, ẹ ó sì máa gbọ́ òórùn jíjó. Ẹ lọ̀ ọ́ díẹ̀, ẹ sinmi, ẹ tún lọ̀ ọ́. Ẹ má kún un ju ìdá 2 nínú 3 lọ. Ẹ sì tú rọ́bà tó wà nísàlẹ̀ abẹ fọ̀ nígbà gbogbo. Mo tú tèmi lọ́jọ́ kan lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ ohun tí mo bá níbẹ̀.

ÌyáẸlẹ́fọ̀ọ́ (Ọjọ́rú, 10:05 àárọ̀)

Ẹ fi ewé ẹ̀fọ́ sípínáàṣì ẹ̀kúnwọ́ kan sí i! Máńgòrò á bo adùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá. Mo máa ń sọ fún tèmi pé "ohun mímu dáínósọ̀" ni. Ọdún kan rèé, kò mọ̀ pé ẹ̀fọ́ ló ń mu. Kárọ́ọ̀tì náà ń lọ, ṣùgbọ́n ẹ bọ̀ ọ́ kó rọ̀ kí ẹ tó lọ̀ ọ́, bílẹ́ńdà ilé kì í sábà rí ti tútù lọ̀ kúnná.

Onísùúrù (Ọjọ́rú, 11:30 àárọ̀)

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Lẹ́yìn ọdún kan, ṣé ó ti ń jẹ ẹ̀fọ́?

ÌyáẸlẹ́fọ̀ọ́ (Ọjọ́rú, 11:41 àárọ̀)

Rárá o.

Onísùúrù (Ọjọ́rú, 12:20 ọ̀sán)

Ibẹ̀ ni mò ń lọ. N ò sọ pé ẹ má fi sí i, ó ń ṣara lóore. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò rí ẹ̀fọ́ kò lè mọ ẹ̀fọ́. Ọmọ tí a ń lọ èso fún títí ayé, ife ló mọ̀, kò mọ ìbẹ́pẹ. Ọjọ́ tó bá sì já ẹ̀tàn náà, kò ní mu tàwọ̀ ewé mọ́, bóyá kò tilẹ̀ ní mu tàwọ̀ èyíkéyìí. Ohun tí mo ṣe fún tèmi ni pé mo jẹ́ kó máa fọ èso fúnra rẹ̀, kó fi ọ̀bẹ oníke gé ọ̀gẹ̀dẹ̀, kó sọ ọ́ sínú bílẹ́ńdà, kó tẹ bọ́tìnnì. Ègé kan máa ń wà lórí àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife náà, èso kan náà tó wà nínú rẹ̀. Mi ò ní "jẹ ẹ́", mi ò ní "tọ́ ọ wò". Ó kàn wà níbẹ̀ ni. Ìgbà tó tó ogún ni ègé yẹn padà sínú ilé ìdáná kó tó fọwọ́ kàn án.

BàbáÌbejì (Ọjọ́rú, 6:15 ìrọ̀lẹ́)

Mo gbàgbé ti àwọ̀ tó ń ṣú. Ẹ́ńsáìmù mìíràn ló ń ṣe ìyẹn, polyphenol oxidase. Ó pọ̀ nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ápù, bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, ó ń sọ ọ́ di àwọ̀ ilẹ̀. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i, á dẹwọ́. Kò túmọ̀ sí pé ó ti bàjẹ́.

Ìwádìí kan jáde lọ́dún 2023 lórí ẹ́ńsáìmù yìí kan náà: nígbà tí àwọn ènìyàn mu smoothie tó ní ọ̀gẹ̀dẹ̀, èròjà flavanol (ohun kan nínú èso tí wọ́n gbà pé ó dára fún ọkàn) tí ara wọn rí gbà kéré gan-an sí ìgbà tí wọ́n mu èyí tí wọ́n fi èso bẹ́rì ṣe. Àgbàlagbà díẹ̀ ni wọ́n lò, kì í ṣe ọmọdé.

Alárìnká (Ọjọ́rú, 6:29 ìrọ̀lẹ́)

Ṣé ká má fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i mọ́ nìyẹn? Ẹ fi nǹkan kan sílẹ̀ fún wa o!

BàbáÌbejì (Ọjọ́rú, 6:44 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ fi sí i jàre. Àwọn ìbejì mi kì í mu èyí tí kò bá ní ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èròjà kan péré ni wọ́n wò, ohun rere inú èso kò mọ lórí ọ̀kan. Bí ẹ bá ní èso bẹ́rì tó wọ́n, ẹ fi máńgòrò tàbí ọsàn bá a rìn, ó tán.

Ẹ̀rùBàMí (Ọjọ́bọ̀, 9:18 alẹ́)

Ẹ jẹ́ n bá yín rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo fi bíìtírúùtù ṣe ti ọmọbìnrin mi, ó pupa, ó wù ú, ó mu ife 2. Ní ọjọ́ kejì ó ké sí mi láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo wo inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe wọ bàtà. Dókítà gbọ́ ẹkún mi tán, ó ní, "Ìyá, kí ló jẹ lánàá?" Mo ní smoothie. Ó ní, "Ti kí ni?" Ẹnu mi wọhò. Mo ṣì ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá nílé ìwòsàn yẹn.

Nọ́ọ̀sìÈwe (Ọjọ́bọ̀, 9:40 alẹ́)

😂 Ẹ ò ṣe ohun ìtìjú rárá. Ẹ tún wá bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ tí kò sì jẹ bíìtírúùtù.

ÌyáÀkọ́bí (Ọjọ́ Àìkú, 5:02 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ gbogbo ilé. Mo padà wá jábọ̀.

Ìkorò ti lọ. Mo ń lọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, bí ó bá sì ṣẹ́kù, mo ń rọ ọ́ sínú ike kékeré, mo ń ki igi bọ̀ ọ́, ó ń dì nínú fíríísà, ó ti di ohun tí wọ́n ń lá lọ́jọ́ kejì. Mo ti pa oyin tì. Ife bàbá rẹ̀ ti padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Mo ra ife pupa kékeré kan, 150 ml géérégé, mo sì ń dúró kó jẹun dé ìdajì kí n tó gbé e kalẹ̀. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ó sunkún ife ńlá. Lọ́jọ́ kẹta, oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ tán.

Lánàá mo ṣe ti Onísùúrù. Mo jẹ́ kó fọ máńgòrò, mo gé e, ó kó o sínú bílẹ́ńdà. Mo yíjú láti mú ọmọrí. Ẹ̀yin ará, ó tẹ bọ́tìnnì.

Máńgòrò wà lára ògiri. Ó wà lára àjà. Ó wà nínú irun mi. Àwa méjèèjì kàn ń wo ara wa. Nígbà tí mo ń wá aṣọ ìnulẹ̀, mo rí i tó ń wo ègé kan tó lẹ̀ mọ́ apá rẹ̀. Ó lá a. Ó dákẹ́. Ó wá bọ́ sórí tábìlì, ó mú ègé tó ṣẹ́kù sórí pátákó ìgé-nǹkan, ó jẹ ẹ́ tán, ó ní, "Mọ́mì, ṣé èyí ló máa ń wà nínú ife?"

Ẹ jọ̀wọ́, kí lẹ fi ń yọ àbàwọ́n máńgòrò lára àjà funfun?

Alárìnká (Ọjọ́ Àìkú, 5:09 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kọ́kọ́ fi àwòrán àjà náà hàn wá ná.